Ṣé tábìlì bíliádì àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe lè wà nínú fúláàtì ní Yábà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ irú tábìlì tó jẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ti ilé ọtí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ihò wà lójú rẹ̀ gan-an, tí wọ́n sì ń to igi kéékèèké síwájú ihò, apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ẹ lè fi ìdí rẹ̀ ti ògiri. Ti sínúkà ńlá yàtọ̀: ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sókè láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti yẹ dẹ́kì wò.

Ọ̀rinrin Èkó ló ń kọ mí lóminú jù. Síléètì, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ aṣọ tábìlì, ò ní wọ́, àmọ́ igi tó gbé e dúró á wú nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ọyẹ́. Irun àgùntàn ni aṣọ náà. Bó bá ti fa omi mọ́ra, ńṣe ni bọ́ọ̀lù á máa wọ́ rìn. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a síbi tí irun rẹ̀ kọjú sí, ẹ má fi omi nù ún láé. Tójò bá ti dá, ẹ yá lẹ́fẹ́lì bíríkìlà, kẹ́ ẹ fi wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ti gbó ò ní ta á padà dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ilé ọtí, kí wọ́n fi aago inú rẹ̀ hàn yín: tí àkókò bá pé, irin á já wálẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá wọ ihò ò ní jáde mọ́.