Ọmọ tó fẹ́ ka Lọ́ọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni kó kọ́kọ́ mú

Mọ́mì, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ sọ pé Ṣàgámù lẹ wà, pé ọmọ yín obìnrin fẹ́ ka Lọ́ọ̀, pé 187 nínú 400 ló gbà nínú ìdánwò JAMB tó ṣe láti wọ yunifásítì, àti pé tíṣà tó ń kọ́ ọ ní lesson ti ní kẹ́ ẹ mówó wá kí wọ́n fi í sí "special centre", ìyẹn ibi ìdánwò tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó, lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ san án, àbí kó kúkú yí Lọ́ọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ẹ má san kọ́bọ̀, kó má sì yí nǹkan kan. Èmi náà jókòó sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, mò ń bá ìyá mi tajà ní Òkè-Ajé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ yunifásítì, kí wọ́n tó gbà mí sí Lọ́ọ̀ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ special centre ni kí n kọ́kọ́ lé lọ. Ìka ọmọ yín ni ẹ̀rọ máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tì í. JAMB ti wọ́gi lé èsì àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á tán. Òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò ti wà láti 1999. Ká tiẹ̀ ní ó mú un jẹ, post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, ṣì ń bọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣírí ọ̀pọ̀ wọn ti ń tú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwà ẹni wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é sí iṣẹ́ lọ́yà. Bí èèyàn ṣe fẹ́ fi èrú wọlé lọ kọ́ òfin, kò yé mi.

Ní ti 187 yẹn, ẹ ní kó mú èsì náà jáde kẹ́ ẹ wo máàkì kọ̀ọ̀kan. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi: Government á wà lókè, CRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítì) á tẹ̀ lé e, Literature á máa wọ́ nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò ṣeé fò. Gbogbo ẹni tó ń ṣe JAMB ló ń ṣe é, ẹni tó bá sì fẹ́ ka Lọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ fi Literature tì í, kó tó mú méjì mìíràn láti inú Arts tàbí Social Science. Gẹ̀ẹ́sì àti Literature nìkan jẹ́ 200 nínú 400. Ọmọ tí kò bá lè kàwé kíákíá kó sì yé e ti pàdánù púpọ̀ kó tó jókòó.

Àwọn tíṣà lesson wa kì í sọ èyí. Past question ni wọ́n ń dà lé ọmọ lórí títí ọmọ á fi há a sórí pé C ni ìdáhùn ìbéèrè kejìlá. Mi ò bú past question o. Òṣùwọ̀n ni, ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tó kù sí, àmọ́ kì í bọ́ ọ.

Ohun tó bọ́ èmi ni ìwé ìròyìn àlòkù. Ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà, ó máa ń ra ìwé ìròyìn àtijọ́ ní kílò láti fi wé e fún oníbàárà. Kí ewé kọ̀ọ̀kan tó bá ẹja lọ, mo máa ń wò ó bóyá èrò olóòtú tàbí ìròyìn ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Màá ka ìpínrọ̀ mẹ́rin márùn-ún, màá dojú ìwé náà dé, màá wá sọ ohun tí mo kà fún ìyá mi ní Yorùbá. Ìyá mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjà ti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Á ní, "Dúró ná, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí ẹni tó ń bá jà?" Èmi á dákẹ́, màá tún ojú ìwé ṣí.

Ẹ wo ìbéèrè aáyọkà JAMB dáadáa, ohun tí wọ́n ń bi ọmọ gan-an nìyẹn. Òǹkọ̀wé á ní àwọn kan gbà pé kí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbólóhùn kejì ni á ti fi hàn pé òun ò fara mọ́ ọn. Nínú ìdáhùn mẹ́rin, èrò "àwọn kan" yẹn á wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú aáyọkà gan-an ni wọ́n á sì fi kọ ọ́ kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń sáré á mú un. Èyí tó tọ̀nà ni wọ́n á fi ọ̀rọ̀ mìíràn kọ. Nítorí náà, kí ọmọ yín máa ka nǹkan gidi lójoojúmọ́, kó máa sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá lálẹ́, kí ẹ̀yin náà máa bi í bí ẹ ṣe máa bi ẹni tó wá ròyìn ìjà àdúgbò fún yín. Kó sì gbé aago síwájú, nítorí ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì túmọ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì kan náà, wọ́n á ní kó mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ èyí tí wọ́n fàlà sí nídìí, láìpẹ́ wọ́n á ní kó mú òdìkejì. Ìlànà kékeré tó wà lókè nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí gbólóhùn bá ní adájọ́ kan jẹ́ "impartial", "fair" àti "biased" á jọ wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì dà bí ìdáhùn lójú ẹni tí kò ka ìlànà. Oral English tún ń bẹ. Àwa ará ibí kúkú mọ ara wa: "ship" àti "sheep" kò yàtọ̀ lẹ́nu wa, "chair" àti "share" máa ń para pọ̀. Díṣọ́nárì orí fóònù tó ń pe ọ̀rọ̀ jáde ni kó lò, kó gbọ́ ọ, kó pè é tẹ̀ lé e. Ìwé ìtàn tí JAMB yàn fún gbogbo ènìyàn náà, kó kà á fúnra rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Literature ò ní kí n pẹ́ púpọ̀. Kó gba syllabus ọdún náà lórí ìkànnì JAMB, nítorí àwọn ìwé máa ń yí padà, èyí tí ẹ̀gbọ́n lò lè má sí níbẹ̀ mọ́. Kó sì ka eré àti ìtàn náà gan-an. Summary tí wọ́n ń ṣe ní fọ́tókọ́pì tà máa sọ fún un pé ẹni báyìí kú, kò ní sọ ohun tó wí kó tó kú. Ohun tó wí yẹn ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀, wọ́n á ní ta ló ń sọ̀rọ̀.

Government rọrùn fún ọmọ Rẹ́mọ tó bá fẹ́. Ọdún àwọn constitution ayé òyìnbó, tí wọ́n fi orúkọ àwọn òyìnbó bíi Clifford àti Richards pè, ló máa ń dà wọ́n láàmú. Èmi so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìgbésí ayé Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n bí i ní 1909. Nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Constitution Clifford ti 1922, tó mú ìbò wọ Èkó àti Calabar, ọmọdé ṣì ni. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fúnra rẹ̀ kàwé títí ó fi gba B.Com. ti Yunifásítì London, ó lọ sí London ní 1944 lọ kọ́ òfin, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní 1946. Ọdún Richards nìyẹn. Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, dìde ní 1951, Macpherson nìyẹn. Ó di Premier Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, Lyttelton nìyẹn. Nígbà tí Nàìjíríà di republic ní October 1963, inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Lẹ́yìn tí mo tò ó báyìí, Macpherson àti Lyttelton ò pa pọ̀ mọ́ mi lójú mọ́.

Gbọ̀ngàn ìdánwò alára gba ìmúra. Kọ̀ǹpútà ni, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ fóònù tẹ̀ ni kò mọ kíbọ́ọ̀dù. Kó má gbára lé máòsì. A, B, C, D ló fi ń mú ìdáhùn, N á gbé e síwájú, P á dá a padà, S ló fi ń sọ pé òun ti parí. S yẹn ni kó ṣọ́ra fún. Government ni èmi kọ́kọ́ ṣí, mo fi CRS tẹ̀ lé e, ìdajì wákàtí fún méjèèjì, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Literature gba ìdajì wákàtí, Gẹ̀ẹ́sì gba 50 ìṣẹ́jú, mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti àwọn tí mo fò. Ìdí mìíràn wà fún ètò yìí. 100 ni máàkì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè 60 ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 péré ló wà nínú àwọn yòókù. Ìbéèrè Government kan wúwo ju ti Gẹ̀ẹ́sì kan lọ. Ẹni tí aáyọkà kan gba àkókò rẹ̀ débi pé kò débi ìbéèrè Government mẹ́wàá ti ṣòwò àṣedànù. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kó má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà kan tí mo ṣe é, ojú kọ̀ǹpútà mi ṣú láàárín Literature. Ti ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ṣú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kíbọ́ọ̀dù. Mo nawọ́ sókè títí ẹni tó ń ṣọ́ wa fi dé, wọ́n gbé mi lọ sí òmíràn, mo bá ìdáhùn mi níbẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan nǹkan kan bó bá ṣẹlẹ̀. Bí JAMB bá sì fi ibi ìdánwò rẹ̀ sí ìlú mìíràn, ẹ jọ lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọkọ̀ tó ń dúró de èrò ní gáréèjì Ṣàgámù kò mọ̀ pé ẹnì kan ní ìdánwò ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó ku WAEC. Nínú 100 tí UNILAG fi ń yan ọmọ, wọ́n ń ka JAMB sí 50, post-UTME sí 30, WAEC sí 20, ẹni tí kò bá tó 200 ní JAMB kò sì ní jókòó fún post-UTME wọn. 13 péré ló kù fún ọmọ yín dé ibẹ̀. Lórí ìṣirò yẹn, máàkì JAMB mẹ́wàá jẹ́ 1.25 lásán. Bí C6, kírẹ́díìtì tó kéré jù, bá pọ̀ nínú èsì WAEC rẹ̀, kó tún un jókòó fún lè gbé e síwájú ju kó máa lé máàkì JAMB nìkan. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Literature gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè ìṣirò, àwọn ibòmíràn ò sì gba àpapọ̀ ìjókòó méjì. Nítòsí yín, Àgọ́-Ìwòyè ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Lọ́ọ̀ ti Babcock wà ní Ìpẹru, kì í ṣe ní Ìlíṣàn, àmọ́ yunifásítì aládàáni ni, ẹ kọ́kọ́ wo owó rẹ̀.

Bí JAMB bá tún kọ̀, JUPEB wà, ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tó ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ lè wọlé tààrà sí ọdún kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Entry, kó lo ọdún mẹ́rin dípò márùn-ún. Ẹ kàn rí i dájú, kẹ́ ẹ tó sanwó, pé yunifásítì tí ẹ ń wò ń gba JUPEB fún Lọ́ọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.