Kí o tó ra Benz tòkúnbọ̀ ní Òṣogbo, wá ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ná

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ń kọ́ni ní Ẹdẹ, Òkè-Fìà lò ń gbé, owó tó o tù jọ láti fi ra Camry 2007 ti pé, àmọ́ ẹnì kan fẹ́ ta Benz ML350 ọdún 2006 fún ọ ní iye kan náà. Àwọn ará ilé ń sọ pé Benz á jẹ ọ́ lówó run, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń wa irú ọkọ̀ yẹn gan-an ní Òṣogbo yìí, mo sì ń wà á títí dòní. Ó ti gbé mi lọ Àkúrẹ́, ó ti gbé mi lọ Abújá, ó sì gbé mi padà. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kì í sábà jẹ́ ẹ̀yà tó bàjẹ́ ló ń jẹ owó onímọ́tò lára ọkọ̀ yìí. Àbá ni. "Bóyá jíà ni." "Ó jọ pọ́ǹpù." "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ eléyìí ná, ká wò ó." Bí mọ́kálíìkì bá dá irú àbá bẹ́ẹ̀ lórí Camry, ó máa ń bá a lọ́pọ̀ ìgbà, torí ojoojúmọ́ ló ń tú u. Bí kò bá sì bá a, ohun tó o rà kò wọ́n jù, wàá tún rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ. Lórí Benz, àbá méjì péré tí kò bá a lè gbé owó tó yẹ kó o fi tọ́jú ọkọ̀ náà fún ọdún kan lọ, àrùn náà á sì wà níbẹ̀.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún 2022. Mo ń ti Ìbàdàn bọ̀, mo gba ọ̀nà Ìwó. Bí mo ṣe kọjá Ìwó báyìí, ọkọ̀ kò yí jíà mọ́. Orí jíà kejì ló dúró sí. Ẹ́ńjìnnì ń ké, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kan 4,000, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò ju 50 lọ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń yà mí sílẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pa á, mo ní sùúrù díẹ̀, mo tún tan án. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí yí jíà geere bíi pé ohunkóhun ò ṣe é. Nígbà tó tún gbóná, ó padà sórí kejì.

Nígbà tí mo délé, mọ́kálíìkì àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ kò tilẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó fi ní jíà ti kú. Ó ní kí n wá ₦380,000 ká lọ ra jíà Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, owó iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wọlé sí mi létí. Jíà tí àwo inú rẹ̀ ti jó kì í gbádùn torí pé wọ́n pa ọkọ̀ tí wọ́n sì tún tan án. Ohun tó bá ń wá tó ń lọ bí ooru ṣe ń mú un, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló sábà máa ń jẹ́. Mo wa ọkọ̀ náà lọ bá ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ní kọ̀ǹpútà Benz fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí kékeré tí wọ́n ń gbé kiri tó ń ka gbogbo ọkọ̀. Ó so ó mọ́ abẹ́ sitiárì, kò pẹ́ tó fi fi hàn mí: sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré nínú jíà ló ń kú tó ń jí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Jíà oníyára méje tí Benz ń pè ní 7G-Tronic, inú jíà náà gan-an, láàárín ọ́ìlì, ni wọ́n gbé ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, sí. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kéékèèké ló ń sọ fún ọpọlọ yìí bí nǹkan ṣe ń yí sí. Bí ooru bá mú sẹ́ńsọ̀ kan tí kò dáhùn mọ́, ọpọlọ á ti gbogbo rẹ̀ pa, á sì fi ọkọ̀ sórí jíà kan ṣoṣo kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Ọmọkùnrin náà tú abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, ó yọ pátákó ọpọlọ náà jáde. Ó jẹ́ kí n mú un lọ́wọ́, ọ́ìlì pupa ń kán lára rẹ̀. Ó fi iná jó sẹ́ńsọ̀ tuntun mọ́ ọn, ó pààrọ̀ fílítà, ó da ọ́ìlì tó ní 236.14 lára agolo sí i, ó dé e padà. Gbogbo owó rẹ̀, ọjà àtiṣẹ́, kò tó ìlàjì owó jíà Belgium yẹn. Ohun tó tún wá dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ká ní mo ra jíà náà, kò ní ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe gbé e wọlé, torí nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ló wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà yẹn náà la ṣì máa wá lọ.

Ìyẹn 2022. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦470 tó sì kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024, àbá ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dúbàì, Jámánì àti Belgium ni àwọn ẹ̀yà yìí ti ń wá. Bí dọ́là bá ṣe fò ni wọ́n ń fò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ML350 tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ, torí ọdún 2006 tó o dárúkọ yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. M272 ni orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì V6 yìí tí kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n. Irin eléyín tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà, tí ṣéènì ń gbà lára rẹ̀ kọjá, kò le tó bó ṣe yẹ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Eyín rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì á fi dẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Irin kékeré ni, àmọ́ o ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì gbé ẹ́ńjìnnì jáde pátápátá. Ibẹ̀ lowó wà. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àrùn ọkọ̀, 1200 àti 1208 ni kọ̀ǹpútà Benz máa ń gbé jáde fún un. Bí ìparí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ju 468993 lọ, irin tó le ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe é rí, kí ẹni tó ń tà á fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́. Nọ́ńbà ṣáásì onílẹ́tà àti figọ mẹ́tàdínlógún tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú ni wàá fi rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jọ̀ọ́, má fojú kéré èyí.

Ohun kejì tó yẹ kó o wò ni ṣọ́ọ̀kì oníatẹ́gùn. Kì í ṣe gbogbo ML350 ló ní in, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ onísípíríǹgì lásán, onísípíríǹgì yẹn ni mo fẹ́ kó o rà. Bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya ọkọ̀ àti ọfà sí máa ń wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù lára èyí tó ní atẹ́gùn, òun ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Bí wọ́n bá ní ó ní in, ní kí ọkọ̀ sùn mọ́jú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó o sì débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí igun kan bá ti wọlẹ̀, atẹ́gùn ń jò níbẹ̀. Tèmi jò bẹ́ẹ̀ rí lápá òsì níwájú. A po ọṣẹ mọ́ omi, a fi kànìnkànìn pa á mọ́ àpò rọ́bà tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Níbi tí rọ́bà ti ká wọnú ara rẹ̀ ni ìfófòó kéékèèké ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò tó ń jò ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀. Àwọn tó bá ra kọ́ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò náà, ṣáájú á tún òmíràn rà, torí níbi tó ti ń sáré àtifẹ́ ohun tó ń jò ló ti ń jóná. Kí wọ́n pààrọ̀ rílè rẹ̀, ìyẹn súìṣì tó ń fún un níná, pọ̀ mọ́ ọn, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, kò sì ní jẹ́ kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ sinmi.

Omi inú ọ̀rá kọ́ ni wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ o. Kúláàǹtì ni, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Réwáyà tó bá sì fẹ́ gé wáyà láti fi áláámù sí i fún ọ, sọ fún un pé o ò fẹ́. Àwọn ọpọlọ inú ọkọ̀ yẹn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan náà, ibi tí wọ́n bá ti gé e, iná á máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láìnídìí. Aládùúgbò mi kan tá a jọ wà ní Ìgbóǹnà ta tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú nítorí wáyà.

Bí ìgbádùn lo ń wá, tó o sì fẹ́ kí mọ́kálíìkì inú Òṣogbo níbí lè máa tún un ṣe, Lexus ni kó o lọ wò. RX 330 àti RX 350, ọmọ ìyá Camry àti Highlander ti Toyota ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn ló jọra, o ò ní rìn jìnnà kó o tó rí wọn rà. Òun náà ní àléébù tirẹ̀. Bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì RX 330, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin 90,000 máìlì. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kà á mọ́ owó ọkọ̀. Ṣéènì ni ti RX 350 láti 2007, àmọ́ àwọn àkọ́kọ́ ní páìpù ọ́ìlì kan tó ní rọ́bà láàárín. Bí rọ́bà yẹn bá bẹ́, ọ́ìlì á tú dànù kó o tó mọ̀. Irin lódindi ni Toyota wá fi rọ́pò rẹ̀, kò wọ́n, jẹ́ kí wọ́n tètè fi sí i.

Bó bá sì jẹ́ pé Benz yẹn lọkàn rẹ fẹ́, n ò ní dá ọ dúró, torí mo mọ adùn rẹ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lálẹ́. Àmọ́ má ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ lé e lórí. Ná an wálẹ̀ títí wàá fi rí ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọkọ̀ náà fi pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́, bí onítọ̀hún kò bá gbà, fi sílẹ̀ fún un. O ní ẹni tó ń tà á ń kán ọ lójú pé kó o wá san owó lọ́la. Má san án. San owó fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Benz kó tẹ̀ lé ọ lọ, kó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó tan án. Bí kò bá rí kóòdù kankan, kó wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí wọ́n kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu kóòdù kúrò ni, ìwọ náà sì ní kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.