Ta ni 99 nínú Clone Force 99?

Màmá Tóbi, ẹ ní ọmọ yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ní Kubwa, ó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe àwọn sójà mẹ́rin kan nínú eré Star Wars ní Clone Force 99. Orúkọ èèyàn ni o, kì í ṣe iye wọn.

Nínú Star Wars, ara ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jango Fett ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà àwọn sójà yẹn. 99 ni ẹ̀dà tí kò bọ́ sí i: abuké ni, ó tètè gbó, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni wọ́n fún un ní Kamino, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀dà náà. Nígbà tí ọ̀tá ya wọlé, bó ṣe ń sáré lọ kó bọ́ǹbù àfọwọ́jù wá fún àwọn tó ń jà ni wọ́n yìnbọn pa á.

Orúkọ rẹ̀ ni àwọn mẹ́rin yìí ń jẹ́, torí àwọn náà yàtọ̀ sí ẹ̀dà tó kù, àmọ́ tiwọn di ẹ̀bùn. Wrecker lágbára bí erin, ìbọn Crosshair kì í sábà tàsé. Hunter àti Tech ní tiwọn. Echo, ẹ̀dà mìíràn, ló wá sọ wọ́n di márùn-ún. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ yọjú, eré tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 2021.

Òṣèré kan ṣoṣo, Dee Bradley Baker, ló ń fọhùn fún gbogbo wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Lugbe ò gbà, àfìgbà tí mo ní kó dijú kó máa gbọ́.