Èsì: Àròpọ̀ wákàtí tó ń dínkù nínú Excel

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ fún wákàtí 27 àti ààbọ̀, àmọ́ Excel gbé 3:30 jáde. Ìṣirò yín ò burú. Tó bá ti pé wákàtí 24, Excel á kà á sí ọjọ́ kan, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ yí fọ́máàtì ibi àròpọ̀ yẹn sí [h]:mm, kó lè ka wákàtí kọjá 24. Bí iṣẹ́ bá wọ òru mọ́jú (iná ò kúkú ń dé lọ́sàn-án), =MOD(C2-B2,1) ni kí ẹ fi yọ iye wákàtí (B2 ni àkókò tí ẹ bẹ̀rẹ̀, C2 ni àkókò tí ẹ parí).

Èmi máa ń ya àkókò àtúnyẹ̀wò sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò: iye ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń san owó lé lórí, wọn ò mọ wákàtí tí àmì ohùn nìkan ń jẹ.