«Tá» tí ọmọ mi ń sọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dublin là ń gbé. Àbíkẹ́yìn mi dé láti iléèwé lánàá, ó ní «Tá ocras orm», ó ní ebi ló ń pa òun. Kí ni «tá» yìí, ibo ló sì ti wá? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè Irish lẹ béèrè. «Tá» ni «wà». «Ebi wà lórí mi» gan-an lọmọ yín sọ. Ìbànújẹ́ náà, orí èèyàn ló ń wà: «tá brón orm». Èdè yìí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kí èèyàn ní nǹkan. «Tá leabhar agam» ni wọ́n ń wí, ìwé wà lọ́dọ̀ mi. Ṣebí àwa náà ń sọ pé owó wà lọ́wọ́ mi? Ṣùgbọ́n «olùkọ́ ni mí» yàtọ̀, «is» ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe «tá»: «is múinteoir mé».

Gbòǹgbò «tá» túmọ̀ sí «dúró». Òun náà ló bí «stare» ti Látìnì àti «stand» ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè Gaelic ti Scotland, tó bá Irish tan, «tha» ni, «ha» ni wọ́n sì ń pè é.

Nígbà tí mo ń gbé ní Conamara, ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, ìyá onílé mi á gbé kẹ́tùlù sókè, á ní: «An bhfuil tart ort?» Ṣé òǹgbẹ wà lórí rẹ? Bí ìbéèrè bá ti dé, «tá» á yẹra fún «bhfuil», tí à ń pè bíi «wíl». Inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí «rí» ni ìyẹn ti wá. Bọ́mọ bá tún ní ebi wà lórí òun, ẹ bi í: «An bhfuil?»