Pọ́díkáàsì ilé-ìkàwé ni ọmọ mi ń gbọ́, kò ka ìwé: ṣé kí n gbà á láàyè?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, ẹ̀yin ará wa tó ń tọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè. Brooklyn ní New York ni mò ń gbé, lẹ́bàá Flatbush Avenue. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 13. Táyé kì í fi ìwé sílẹ̀. Bó bá ń jẹun, ìwé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, Kẹ́hìndé kò ka ìwé kankan parí àyàfi èyí tí olùkọ́ bá fi dandan lé e lọ́wọ́. Íápíìsì ló ń wà létí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Mo bi í pé kí ló ń gbọ́, ó ní pọ́díkáàsì ilé-ìkàwé ni, ètò bíi ti rédíò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àdúgbò wa ti ń sọ̀rọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé sì ń dárúkọ ìwé tó dára fún yíyá. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ní gbígbọ́ kì í ṣe kíkà, pé ọ̀lẹ la fi ń kọ́ ọmọ náà. Mo tún wá rí i pé ó ń gbọ́ èyí tó dá lórí àwọn ìwé tí wọ́n ti kó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, àyà mi sì já. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Bronx ni àwa ń gbé, ọ̀nà yìí gan-an sì ni ọmọ mi ọkùnrin gbà padà sídìí ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, níbo làwa fúnra wa ti kọ́kọ́ pàdé ìtàn? Kí n tó mọ A B D kà ni mo ti mọ Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, tí mo ti ń gbe orin àlọ́ lẹ́yìn ìyá àgbà. Ní Abẹ́òkúta, a máa ń pagbo yí rédíò bàbá mi ká nígbà tí wọ́n bá ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá sórí afẹ́fẹ́, apá kan lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wá rí ìwé ọ̀hún nílé ẹnìkan, ọwọ́ mi ò lè dúró. Bí mo ṣe ń kà á ni ohùn ẹni tó kà á lórí rédíò ń dún létí mi. Etí ló mú mi débẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín ò ṣubú lulẹ̀. Kéèyàn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé yàtọ̀ sí kó ka ìwé náà. Ọmọ tèmi á dárúkọ ìwé bí ogún, á sọ ohun tí òǹkọ̀wé wí àti ìdí tó fi kọ ọ́. Àfi ìgbà tí mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé báwo ni ìtàn kan nínú wọn ṣe parí. Ó dákẹ́. Kò tíì ṣí ọ̀kan ṣoṣo. Ìbínú kọ́kọ́ fẹ́ bá mi, mo fẹ́ gba fóònù. Ìyàwó mi ló ní kí n ní sùúrù, pé ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé tinútinú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, pé ká ṣáà wá bó ṣe máa wọlé.

Òfin kan ṣoṣo la wá ṣe. Bí wọ́n bá dárúkọ ìwé kan tó wù ú, á dá ètò náà dúró níbẹ̀, á kọ orúkọ ìwé sára pépà tó wà lára fíríìjì, á sì bèèrè fún un kó tó sùn lọ́jọ́ náà, yálà lórí Libby, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé ilé-ìkàwé lórí fóònù, tàbí ní ẹ̀ka ilé-ìkàwé tó sún mọ́ wa. Ìwé kan péré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó kó mẹ́wàá jọ, ìdí ìwé tó ga bẹ́ẹ̀ a máa ba ọmọ tí kò kàwé lẹ́rù. Bó bá ka ojú ewé ogún tí kò dùn mọ́ ọn, kó dá a padà, ẹ má bá a jà. Ẹ̀rù owó ìtanràn ni kì í jẹ́ ká yá ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé-ìkàwé Brooklyn, ti Queens àti New York Public Library tó ń bójú tó tiwa níhìn-ín ti fagi lé ìtanràn lórí ìwé tó bá pẹ́ kó tó padà. Ìwé tó bá sọnù nìkan lèèyàn ń sanwó rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Borrowed, ti Brooklyn Public Library, ni Kẹ́hìndé ń gbọ́. Àwa náà ń gbọ́ ọ. Ìtàn àdúgbò àtàwọn èèyàn ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé á sì to àkójọ ìwé tó bá ètò náà mu sójú ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí ló sì ṣe wá lóore jù: ọmọ mi ń fojú tẹ̀ lé ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́, kò sì mọ̀ pé òun ti ń kàwé fún ogún ìṣẹ́jú. Ti New York Public Library, The Librarian Is In, ìtàkùrọ̀sọ òṣìṣẹ́ méjì lórí ohun tí wọ́n ń kà ni. Àgbàlagbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà èmi ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn.

Ẹ má fojú kékeré wo ti òǹkọ̀wé àdúgbò yẹn o. Lójú ọmọ mi, òǹkọ̀wé ni ẹni tó ti kú, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri kíláàsì. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé inú ọkọ̀ ojú irin lòun ti máa ń kọ ìwé, ó sì dárúkọ ibùdókọ̀ tó ti ń wọ̀ ọ́. Ọmọ mi yọ íápíìsì létí, ó ní, "Dádì, ibẹ̀ làwa náà ti ń wọkọ̀!" Ìwé obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ kà parí. Àwọn ọmọ wa ò ní agboolé níhìn-ín, kò sí ìta tí àgbà ti ń pa ìtàn. Ẹni tó ń gbé òpópónà kejì tó sì ń kọ ìtàn sún mọ́ ohun tá a fi sílẹ̀ nílé. Àbúrò ọmọ mi yìí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ń ka ìwé Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó ń gbé ní Wales. Obìnrin náà ń pàlọ́ fáyé gbọ́ kó tó di pé ó ń kọ̀wé fọ́mọdé, ó sì hàn nínú gbólóhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n kó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Brooklyn Public Library bẹ̀rẹ̀ Books Unbanned: ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 13 sí 21, ibi yòówù kó máa gbé ní Amẹ́ríkà, lè gba káàdì ọ̀fẹ́ láti fi yá ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣe Borrowed and Banned, ọ̀wọ́ ètò pọ́díkáàsì lórí àwọn ìwé tí wọ́n kó kúrò yẹn. Wọn ò ka àwọn ìwé yẹn síta níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé àtàwọn òǹkọ̀wé ló ń sọ ohun tójú wọn rí. Púpọ̀ nínú ìwé ọ̀hún ló dá lórí àwa aláwọ̀ dúdú, ìyẹn nìkan tó kéèyàn fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Ẹ gbọ́ ọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bá ọmọ jókòó. Èmi sọ fọ́mọ mi nípa ìwé kan pé kó dúró di ọdún 15, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú. Ó kùn díẹ̀, ó gbà. Kì í ṣe gbogbo ìwé ló bá gbogbo ọjọ́ orí mu, ṣùgbọ́n lẹ́nu èmi bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Táyé wé e. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò; àgbà a máa fara balẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù, èyí tó ràn wá lọ́wọ́ ju gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sunday, ọmọ mi á fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Abẹ́òkúta lórí WhatsApp, bí ìṣẹ́jú méjì, á sọ ìwé tó ń kà fún un lédè Yorùbá, bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé yẹn. Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó, mo máa ń bá a wá ọ̀rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ rìnrìn-àjò, ó sì pa ìwé náà tì ní ìdajì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn màmá ti dé: "Ọmọ mi, mi ò sùn dáadáa. Ṣé ìyá ọmọ yẹn padà wá ṣá?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló tún ìwé náà ṣí.