Ìbéèrè Yín: Kí Ló Dé Tí Ewédú Mi Kò Hù?

Ìbéèrè: Mo fọ́n irúgbìn ewédú sórí ebè, mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Ó ti pé ọjọ́ 12, ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù. Ṣé ó ti kú ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú. Ẹ mú hóró kan lórí ebè, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì le bíi yanrìn, omi kò tíì wọ inú rẹ̀, omi ló sì ń jí irúgbìn. Èèpo ewédú ló le bẹ́ẹ̀.

Ẹ di irúgbìn tuntun sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 péré, kí ẹ sì kó o sínú omi tútù kíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ; èyí tó bá ti sè kò lè hù mọ́. Ẹ sá a síbi ibòji kó gbẹ, kí ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, kó lè fọ́n káàkiri dọ́gba.

Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ máa fi bò ó kò gbọ́dọ̀ nípọn. Oúnjẹ inú hóró kékeré yìí kò pọ̀. Bó bá wọlẹ̀ jù, á tán kí ẹ̀hù tó yọ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró lórí ebè, torí irúgbìn ń mí, omi tó dúró á jẹ́ kó jẹrà.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé kéékèèké méjì á yọ. Látìgbà náà, oòrùn ló kù tó ń fẹ́. Lábẹ́ ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀, á kàn ga tín-ín-rín ni, á sì wó.